Ìwé Orí Fìríìjì

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Iná ti lọ láti aago méje.
Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wo ojú ìwé,
ìwé tí mo rà ní Gbági ní ẹgbẹ̀rin náírà,
tí ọmọ ti ya ẹja tó wọ bàtà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo kọ ọ́ pé: Gàníyù dé láti Mọ́kọ́lá,
òórùn epo lọ́wọ́, ebi lójú.
Fìríìjì mẹ́ta ló tún ṣe lónìí, gbogbo wọn ló tutù.
Tiwa wà ní kọ̀rọ̀, aṣọ iléèwé là ń kó sí i.
Mo bi í léèrè ìgbà tó máa kan tiwa.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi náà, ìwé kíkọ ni.
Ní ọsibítù, lẹ́yìn gíláàsì tó ti sán:
orúkọ yín, ọjọ́ orí yín, àdúgbò yín, kí ló ń ṣe yín?
Yemẹtu. Ọ̀jẹ́. Ìdí-Arẹrẹ. Inú rírun. Ojú.
Bàbá kan lówùúrọ̀ yìí ní òun ò mọ ọjọ́ orí òun:
"Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti mú un lọ.
Ẹ kọ èyí tó bá wù yín."
Mo kọ àádọ́rin.
Ó di káàdì náà mú, ó wò ó títí,
bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣẹ́ńjì tó ju owó rẹ̀ lọ.

Ọgọ́rin káàdì lójúmọ́, kò sí àyè lórí ìkankan
fún ohun tí èèyàn ń sọ
nígbà tí mo bá ń wá bírò.
Ìyẹn ni mo ń dì wálé.

"Màámi, kí lẹ̀ ń kọ tí ò tán?"
Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí ni.
"Níbo?"
Nílé yìí.
Rọ́diyátù ronú díẹ̀. "Ẹ kọ pé mo gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá."
Mo ti rí ìwé ìṣirò rẹ̀. Mẹ́fà ni.
Mo kọ mẹ́jọ. Mo kọ mẹ́fà sí abẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi ń ka mítà omi kiri Òkè-Àdó nígbà ayé rẹ̀.
Lẹ́yìn ìsìnkú la rí ìwé kan nínú àpò kóòtù rẹ̀,
kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ètí rẹ̀ ti jẹ.
Ẹ̀gbọ́n mi ní ká má ṣí i,
ó ń bẹ̀rù gbèsè, mo ń bẹ̀rù obìnrin.
A ṣí i.
Òjò rọ̀. Òjò ò rọ̀. Gàrí ti wọ́n.
Òjò rọ̀. Bàtà Lásúnkànmí já.
Òjò rọ̀ mọ́jú, Ògùnpa ń pariwo.
Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, fún odidi ọdún mọ́kànlá.
Kò sí ibi tó ti ní ó rẹ òun,
kò sí ibi tó ti ní inú òun dùn.
Mo wá ọjọ́ tí wọ́n bí mi lọ. Mo rí i:
Òjò ò rọ̀. Obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ ti sùn.
Mo jókòó tì wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí "mo" wọ inú ìwé náà nìyẹn.

Gàníyù ti ń hanrun. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti apá Eléyẹlé,
páànù ẹ̀yìnkùlé ti bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀.
Mo kọ ọ́ pé: òjò ń bọ̀.
Mo fẹ́ ti ìwé ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ láìsí bàtà.
"Màámi. Mẹ́fà ni."
Mo mọ̀.
"Ẹ pa mẹ́jọ yẹn rẹ́."
Mi ò pa á rẹ́. Mo sún mọ́ ògiri,
ó jókòó tì mí, ó ń ka ohun tí mo kọ,
lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí tọ́ọ̀ṣì fi kú.